Kóró Èso Tí Kòkòrò Kò Lè Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fo ìlà kankan nínú ìtàn yìí. Ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ ná, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ń fi kóró èso igi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ẹ̀gbọ́n ló ń tọ́jú kóró, àbúrò ló ń sín in. Ìyá wọn ti kọ́ wọn: ẹ bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti wọ ẹ̀gbọ́n lẹ́wù. Ó ra oògùn apakòkòrò tí àgbẹ̀ ń fín sóko, ó rẹ kóró sínú rẹ̀. Kòkòrò kankan ò yà síbẹ̀ mọ́! Tí àwọn oníbàárà bá bi í pé, "Kí lẹ fi ń ṣe é?" á ní, "Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún mi ni!"

2. Ẹ̀yin tí ẹ ti sín ìlẹ̀kẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n: ọwọ́ kan mú òwú, èkejì mú abẹ́rẹ́, ẹnu wá di àpò. Àbúrò a kó kóró márùn-ún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, a máa fi ahọ́n tì í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìẹ tó ń yé ẹyin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kóró yìí ń ta mí lẹ́nu o."

"Ẹnu tìẹ náà ti pọ̀ jù. Òróró tuntun ni. Sín in jàre!"

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó kó márùn-ún míì sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bá parí, òun á sọ ti oògùn náà fún un.

3. Ní ọjọ́ kẹta, itọ́ ń dà lẹ́nu àbúrò, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Ìyá, kí ló jẹ?" Dókítà ló bi ẹ̀gbọ́n. "Tá a bá mọ̀ ọ́n, a ó mọ oògùn tá a máa fún un."

Ẹ̀gbọ́n bojú wẹ̀yìn. Oníbàárà méjì ló bá wọn wá, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn àwọn méjèèjì.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ rò ó dáadáa, Ìyá."

"Mo ní mi ò mọ̀!"

Àbúrò tẹjú mọ́ ọn. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà tí àwọn oníbàárà lọ tán ni ẹ̀gbọ́n tó sáré bá dókítà: "Oògùn oko ni! Kóró yẹn ni!"

Dókítà fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìyá, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ̀mí àbúrò yín ti bọ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri, àwọn oníbàárà tó torí wọn dákẹ́, àwọn náà ló kọ́kọ́ já ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ má fi májèlé kánjú iṣẹ́. Tí ẹ bá sì ti ṣi iṣẹ́ ṣe, ẹ tètè lanu, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tó bá fi ìtìjú kárùn, àrùn á gbé e lọ. Ti obìnrin yìí ò tiẹ̀ wá gbé òun alára; ọmọ ìyá rẹ̀ ló gbé.