Ẹ̀kẹfà Kò Tíì Kúrò Nílé

Kọ̀ǹpútà aláìlára mẹ́fà, tí kò ní àgọ́ ara tiwọn, ló ń gbé inú sáfà àtijọ́, ẹ̀rọ ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa. Nígbà tí mo kó wọn sínú sáfà tuntun lálẹ́ ọjọ́ náà, márùn-ún jí. Ẹ̀kẹfà, tó mọ irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kò wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbé ọmọ kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Ṣé o pa á níbi àtijọ́ kó o tó jí i níbí?" ni Bàbá Arówólò bi mí. Ogún ọdún ló fi tọ́jú sáfà àtijọ́ yẹn, tó ń kí i láràárọ̀ bí ìyàwó.

"Bàbá, mo yọ gbogbo wáyà rẹ̀, ti iná àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣé ìyẹn ò tó ikú ni? Àbí kí n lọ ra orógbó?"

"Máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ọmọ yunifásítì."

Mo pòṣé. Láptọ́ọ̀pù mi ń sọ pé ẹ̀rọ mìíràn ti ń lo àdírẹ́sì ẹ̀kẹfà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà tuntun náà kó má baà jẹ́ òun ló máa dáhùn, mo sì bi àdírẹ́sì ọ̀hún ní irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, kí arúgbó yìí lè rí i pé kò sẹ́ni níbẹ̀.

Ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: B.

Bàbá pe àwọn dókítà lórí fóònù, ó sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé sáfà àtijọ́.

"O káre. Máa sùn."

Ìró fáànù kan rọra kú lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ṣì ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti yọ wáyà iná rẹ̀.