Oúnjẹ Tí Bàbá Tẹniọlá Ò Jẹ

Láti ìgbà tí awọ inú ikùn Bàbá Tẹniọlá ti di fẹ́lẹ́ ni ìjọba ti so ẹ̀rọ aṣọ́kùn, tó ń ka iye ìgbà tó jẹun tó sì ń ti abọ́ rẹ̀ pa, mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló gbọ́dọ̀ jẹun lójúmọ́.

Lọ́sàn-án, ó kọjá níwájú ilé mẹ́ta tí wọ́n ti ń jẹun, ilé kọ̀ọ̀kan sì pè é.

“Ẹ wá jẹun o.”

“Á gba ibi ire.”

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ gbé ògì fún un. Ìdérí abọ́ kọ̀, kò ṣí.

Ẹ̀rọ ní, “Ẹ ti jẹun lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Láti àárọ̀, nǹkan kan ò tíì kan ẹnu mi.”

“Wọ́n pè yín, ẹ sì dáhùn.”

Ebi ń pa ìyàwó náà. Ó bu òkèlè ẹ̀bà tirẹ̀, ó ní, “Bàbá Tẹniọlá, ẹ wá jẹun.”

“Á gba ibi ire.”

Ẹ̀rọ ní, “Ẹ ti jẹ ti àárọ̀ ọ̀la.”