Abọ́ Méje Ìyá Fẹ́hìntọ́lá

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tó ń jẹ́ Olúkòtún. Ó mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n ìtìjú ló kà á sí láti bèèrè ohun tí kò yé e.

Nígbà tí àrùn èèyi ń ṣe àwọn ọmọdé káàkiri, wọ́n rán an lọ sí Abà Ológèdè kó lọ ṣírò iye tí abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò ná ìjọba níbẹ̀: owó oògùn, owó yìnyín tí yóò mú un tutù, àti epo ọ̀kadà. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Fẹ́hìntọ́lá.

“Ọmọ kékeré mélòó ló wà nínú ilé yìí, mà?”

“Háà! Ṣé adìyẹ ni wọ́n ni, tí màá fi máa kà wọ́n? Ẹ ṣáà kọ méjì.”

Olúkòtún kọ méjì. Ṣùgbọ́n ó rí abọ́ kéékèèké méje lórí pẹpẹ ìdáná, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wọ́n ni. Ó ṣe é ní kàyéfì. Ta ló ń fi méje jẹun? Ìbéèrè dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Kí òun, ọ̀gá, wá máa bèèrè ọ̀rọ̀ abọ́! Bó ṣe ṣe láti ilé dé ilé nìyẹn, ogójì ọmọ ló kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ogójì ti tán, èrò ṣì tò lọ bẹẹrẹ. Ìyá Fẹ́hìntọ́lá dúró níwájú rẹ̀.

“Ẹ ti gún méjì. Nínú márùn-ún tó kù yìí, èwo ni kí n mú padà fún èèyi?”

Olúkòtún bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo mà rí abọ́ méje lọ́jọ́sí.”

“Ẹ rí i, ẹ ò bèèrè! Àwa ò ń ka ọmọ ní abà yìí. Ta ló ní ká má ka abọ́?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tún gba ojúlé dé ojúlé, abọ́ àwọn ọmọdé ló ń bèèrè. Ó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó di dandan kó tún padà wá, owó yìnyín àti epo sì di ìlọ́po méjì. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi dúró de oògùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti abà náà bọ̀, àwọn ọmọ márùn-ún yẹn ló ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, àwọn márààrún ló tò síwájú, ara wọn le, kálukú gbá abọ́ rẹ̀ mú. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín.

“Kí ẹ má baà tún kọ méjì ni.”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ohun tí yóò tó àwọn èèyàn, kó kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe ń gbé. Ohun tó bá ṣe yín ní kàyéfì, ẹ bèèrè. Ojú lè tì yín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní padà sílé láìgba abẹ́rẹ́.