Òǹtẹ̀ Tí Lorraine Tẹ̀ Láì Fojú Rí Ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́ síwèé lójoojúmọ́, ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Ayàwòrán ilé kan wà ní Ṣikágò tó ń jẹ́ Lorraine Pruchnik. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó rí àbàwọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ìlú wá fún un ní ẹ̀tọ́ kan tí wọn kì í fún gbogbo ènìyàn. Tó bá ya àwòrán ilé, kò ní fi oṣù mẹ́rin dúró de òṣìṣẹ́ ìlú kó bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí pé ó bá òfin mu, yóò tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ lé e, ìwé àṣẹ ìkọ́lé yóò sì jáde láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Wọ́n gbà á gbọ́ ni o. Àmọ́ nígbà tó yá, àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa á bí ọtí. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ráhùn pé ìlú ò tíì dá àwọn lóhùn, á rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ẹ máa tò lọ. Ọ́fíìsì ìlú tèmi, orí tábìlì mi ló wà."

2.
Ní oṣù kejì ọdún, Thanasis Mavridis wá bá a. Ó fẹ́ wó ògiri tó wà láàárín ilé oúnjẹ rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àyè lè fẹ̀ sí i.

"Ògiri kan péré ni, Lorraine. Tí òtútù bá lọ tí mi ò tíì ṣílẹ̀kùn, mo gbé."

"Ṣé kì í ṣe òun ló gbé òkè dúró?"

"Rárá o. Àwòrán tí onílé àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nìyí. Wò ó fúnra ẹ."

Àwòrán náà ti lé lógún ọdún. Ó yẹ kí Lorraine lọ wo ilé náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ yẹn, ló bá fi í di ọ̀la. Ọ̀la dé, iṣẹ́ mìíràn wà nílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e, ó sì fọwọ́ sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Mo ti yẹ ilé yìí wò."

3.
Lókè ilé oúnjẹ yẹn, bàbá kan ń dá gbé, Ọ̀gbẹ́ni Delmar Oakes, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n wó ògiri, ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ kò ṣeé tì mọ́. Ó rí nọ́ńbà Lorraine lára ìwé àṣẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ìsàlẹ̀, ó sì pè é.

"Ẹ káàárọ̀, màdáámù. Ilẹ̀ ilé ìdáná mi ti ń tẹ̀. Tí mo bá gbé ọsàn sílẹ̀, ṣe ló ń yí lọ."

"Ilé àtijọ́ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe."

"Ọdún kọkàndínlógún mi nìyí níbẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi wá wò ó?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, láàárọ̀, bàbá ń dín ẹyin lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ ilé ìdáná já lábẹ́ rẹ̀. Àárín àga ilé oúnjẹ ló balẹ̀ sí. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí kò kú, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Àga onítáyà ló ń gbé e kiri dòní.

4.
Nígbà ìwádìí, wọ́n rí i pé ògiri tí wọ́n wó yẹn gan-an ló gbé òkè dúró. Ìbéèrè kan péré ni alága ìgbìmọ̀ ìlú bi Lorraine.

"Ọjọ́ wo lẹ lọ wo ilé náà?"

Thanasis, tí wọ́n ti ti ilé oúnjẹ rẹ̀ pa, ń wo ẹnu Lorraine. Lorraine wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò lọ," ló wí.

Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù.

Ó lọ bá bàbá ní ilé ìtọ́jú láti tọrọ àforíjì. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì gbóhùn sókè.

"Lọ́jọ́ tí mo pè yín yẹn, ọmọ mi obìnrin wá láti fi mọ́tò gbé mi lọ. Ó ní kí n wá máa sùn lọ́dọ̀ òun. Mo ní kó máa lọ, pé ẹni tó mọṣẹ́ ti fọwọ́ sí i."

Lorraine ò lè gbójú sókè.

"Ẹ jókòó," bàbá wí. "Ẹ má kàn dúró bẹ́ẹ̀."

Kò lè jókòó.

Ìwọ tó ń ka èyí, yálà ilé lò ń yà, oògùn lò ń tà, tàbí mọ́tò lò ń tún ṣe: má jẹ́rìí sí ohun tójú ẹ ò rí. Bí wọ́n bá gbà ọ́ gbọ́ débi pé wọn ò yẹ iṣẹ́ ẹ wò mọ́, ìwọ gan-an ni kó o yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé orí ìbuwọ́lùwé ẹ, tí wọ́n sì ń sùn síbẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kì í fi ẹnu ṣọ́ ọ.