Kílọ́ọ̀ṣì Kẹrin

Kílọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló ti jó nínú ọkọ̀ ìje kékeré náà láàárín oṣù méjì, ọwọ́ Ìyá Sípánà ni gbogbo wọn sì ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń tú kẹ̀kẹ́ ilé palẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló ń wa ọkọ̀ ọ̀hún báyìí. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ kò pariwo. Ó kàn sọ fún Ìyá Sípánà pé bí ẹ̀kẹrin bá tún jó, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ sílé, òun á wá mẹkáníìkì míì. Ẹni tó bá jó kílọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ta ló máa tún gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́? 

Kò sí ohun tí kò tíì yẹ̀ wò. Ó wọn awo kílọ́ọ̀ṣì, ó fa okùn rẹ̀ wò, ó fọwọ́ pa ojú irin tí awo náà ń fara mọ́ bóyá ó tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì rọ̀ jù, pé bí ẹni ń tẹ òwú ló rí. Ó fi sípírín tó le sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n ní kò tíì le. Ó wá èyí tó le jù nínú gbogbo sípírín tó wà níbẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

"Ṣé ó ti le tó báyìí, Bọ̀dá mi?"

"Ó sàn díẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó gbé ìgò omi sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá, ó sì na ọwọ́ sí òmíràn.

Ó wá ku jíà. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìje, Ìyá Sípánà jókòó ti ìwé rẹ̀. Jíà tó bá kúrú a máa fa ọkọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn á tètè máa ké bí ojú ọ̀nà bá ti tẹ́jú. Èyí tó bá gùn á sáré níbi tó tẹ́jú, àmọ́ á máa wọ́ ẹsẹ̀ tó bá ń jáde ní kọ́nà. Awakọ̀ tó bá fẹ́ gbádùn méjèèjì ní láti máa pààrọ̀ jíà ṣáá, ara kílọ́ọ̀ṣì ló sì ń jẹ. Kọ́nà pápá náà jẹ́ méje. Ó yọ jíà kẹta, ó fi òmíràn tí iye eyín rẹ̀ bá kọ́nà méjèèje mu rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ ò ní sáré tó bẹ́ẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò lójú ìlà tó bọ́ sí jíà kẹta, kò ní í nílò kílọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ìje á fi parí. Kílọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ kò lè jó. Ìyẹn nìkan ló kù tó gbọ́kàn lé.

"Tẹ́ ẹ bá ti wọ jíà kẹta, ẹ má fẹsẹ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì rárá," ó sọ fún un. "Bọ̀dá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Sípánà. Mi ò ní fẹsẹ̀ kàn án." Ẹ̀gbọ́n kì í sì í ṣe onírọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìje, ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń fẹ́ táyà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti wà lórí pápá, ara nìkan ló gbé wá. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó padà lọ, ó rí ti òsì lẹ́bàá géètì níbi tó ti bọ́.

Ìyá Sípánà ò rí ẹ̀rín rín. Ó ń so okùn kílọ́ọ̀ṣì fún ìgbà ìkẹyìn, nọ́ọ̀tì kékeré tó ń di okùn náà mú bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́, wọ́n fa máágínẹ́ẹ̀tì káàkiri ilẹ̀, wọn ò rí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé ọwọ́ òun ni aráyé ti mú. Ẹ̀gbọ́n ní kó dákẹ́, kó tú òmíràn lára ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Bó ṣe ń tú u, ẹ̀gbọ́n ṣa bàtà ìje rẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó sórí táyà, ó wọ̀ ọ́, ó so ó le. Bàtà ìje kì í nípọn nísàlẹ̀, torí àtẹ́lẹsẹ̀ ni awakọ̀ fi ń gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ.

Ọkọ̀ náà ṣíwájú láti ìyípo kejì. Jíà kẹta bá kọ́nà méjèèje mu gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣírò rẹ̀. Ní ìyípo kẹjọ, òórùn jíjó dé ibi tí Ìyá Sípánà dúró sí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo imú bí ẹni pé tóun ò bá gbóòórùn rẹ̀, kò ní jẹ́ òótọ́. Ní ìkẹwàá, ẹ́ńjìn ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Títì ni wọ́n tì í wọlé. Nígbà tí Ìyá Sípánà tú u, awo náà dúdú bí èédú.

Ọ̀gá bi awakọ̀ bóyá ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀, ó wolẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò lè parọ́ nítorí pé àbúrò mi ni. Látìgbà tí mo ti wọ jíà kẹta, mi ò fẹsẹ̀ kàn án."

Ọ̀gá ní kí Ìyá Sípánà fi kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ sórí tábìlì tó bá ti palẹ̀ mọ́. Obìnrin náà kó àwọn sípánà rẹ̀ sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí táyà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ń béèrè omi. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ tú okùn bàtà. Inú ń bí Ìyá Sípánà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹni kì í di ẹlòmíì, ó kúnlẹ̀ bá a tú u.

Nígbà tó fa bàtà òsì, ti ẹsẹ̀ tí awakọ̀ fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yọ, nọ́ọ̀tì àárọ̀ yẹn já bọ́ sílẹ̀ látinú rẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wò ó, ó ní, "Háà, níbo lo ti wá rí i?"