Ta Ni Yóò Ṣe Alága Wa?

Tirath aláṣọ àti Harbel olóògùn ṣì wà láyé nígbà náà. Ìjọba ní àfi bí àwa ẹlẹ́sìn Síìkì ìlú Jalalabad bá ní ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó fún wa nílẹ̀ tí a ó ti máa sun òkú wa.

“Tirath, ìwọ lalága,” ni Harbel wí.

“Èmi kẹ̀? Ìwọ tí irùngbọ̀n rẹ gùn jù ńkọ́?”

Alásè ilé àdúrà gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin onírẹ̀lẹ̀, ẹ gbé e fún mi.”

Kò mọ̀ pé gbogbo àwa yòókù ti di ẹrù sílẹ̀ láti kó lọ sí Delhi.

Alásè di alága, ó sì gba ilẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tó kú, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò ló gbé e débẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Síìkì kan ṣoṣo tó kù nílùú, ló tiná bọ igi tí wọ́n tẹ́ ẹ lé.