Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Ojú Akínfẹ́nwá, ẹnjiníà wáyà, àti ti Mọ́rádékẹ́, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi, ṣe mẹ́rin níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ti òru nílé iṣẹ́ omi. Oṣù mẹ́ta rèé, tí ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti kó sí Akínfẹ́nwá lọ́kàn, kò sì tíì lè sọ ọ́.

Òfin ilé iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba wáyà méjì, torí bí ọ̀kan bá já. Òun fúnra rẹ̀ ló fa wáyà kejì gba ọ́fíìsì ọ̀gá, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ sókè! Ló bá kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ sórí bébà, ó sì nà án sí i.

“Ẹ̀dà kejì ńkọ́, Bọ̀dá Ẹnjiníà?” Mọ́rádékẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀. “Ọ̀nà kan ò wọjà o!”

“Kò sí. Tẹ́ ẹ bá ya á, ó parí nìyẹn.”

Mọ́rádékẹ́ gba lẹ́tà náà, ó sì fa èyí tí òun náà ti kọ sí i, tó ti gbó lápò, yọ.

“Ẹ gba ọ̀nà kejì. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tó ti wà lápò mi.”